Ẹni Tó Ń Dáná sí Ilé Òfìfo

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ilé Akọ̀wé ló kàn. Àtọ́kẹ́ gbé ìkòkò rẹ̀ dání, ó fi apá kejì gbá igi ìdáná mọ́ra, ó la àgbàlá kọjá. Ìkòkò kan náà ni. Lánàá, ilé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló ti fi se ẹ̀wà. Lọ́la, yóò gbé e padà sí ààrò tirẹ̀. Iṣu tó wà nínú rẹ̀ kò ju èyí tí ẹnì kan lè jẹ tán lọ, síbẹ̀ ó to igi sídìí ààrò bí ẹni tí èrò oko ń bọ̀ wá bá jẹun. Igi tútù díẹ̀ láàárín gbígbẹ. Kí èéfín lè pọ̀. Kí ó gba ojú páànù tó ti dípẹtà jáde, kí àwọn tó ń kọjá lójú títì lè rí i.

Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kẹ́yìn sí iná. Ilé ìdáná yìí ti gba èrò rí, débi pé eékún obìnrin kan ń kan ti èkejì. Aláǹgbá kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀ báyìí, ó ń wò ó láti orí ògiri. Aláǹgbá mi orí. Àtọ́kẹ́ náà mi orí. "Ẹ káàárọ̀ o," ló wí fún un. Kò rẹ́rìn-ín.

Ará Òkèhò ni Àtọ́kẹ́. Ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá nídìí ẹ̀gúsí bíbó ni nígbà tí Àríyọ̀, ọmọ agboolé Ọdẹ́jọbí ní Ṣakí, gbé e níyàwó. Agboolé ọdẹ ni. Ó fẹ̀yìn ti àpáta pẹrẹsẹ kan, àwọn ilé alámọ̀ rẹ̀ sì kọjú síra wọn yí àgbàlá ká, bí àgbààgbà tó jókòó síbi ìpàdé. Ọjọ́ tí wọ́n mú un wọlé, ìyáálé kan fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó là á yé e. Gbogbo ẹni tó bá nínú ilé yìí, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni. Kò gbọ́dọ̀ pè wọ́n lórúkọ. Kí ó wo olúkúlùkù wọn dáadáa, kí ó sì wá orúkọ tí yóò máa fi pè é.

Ó wò wọ́n. Àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ń lọ sílé ìwé, tí bírò kì í kúrò lẹ́yìn etí rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Akọ̀wé. Àbíkẹ́yìn ilé, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí oúnjẹ kì í hàn lára rẹ̀, ó sọ ọ́ ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Ìyá ọmọ náà ti kú. Ẹ̀yìn Àtọ́kẹ́ ló gbà á. Ó pọ̀n ọ́n lọ sódò, ó pọ̀n ọ́n lọ sóko, bó bá sì jí, á kí i pé, "Ẹ kú oorun, ọkọ mi." Ọkọ tó ṣì ń tọ̀ sí i lẹ́yìn.

Nígbà náà, bí ẹ̀gúsí bá ti oko dé, àwọn obìnrin ilé á jókòó yíká nírọ̀lẹ́. Wọn á máa bó o, wọn á máa sọ̀rọ̀ ẹni tí kò sí níbẹ̀. Èèpo á bo ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀. Bí ẹnì kan bá dìde, àwọn yòókù á gbọ́ ọ, nítorí èèpo á máa dún lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, wọn á sì dákẹ́ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà bó bá lọ tán.

Lẹ́yìn náà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Kò sí ìjà. Kò sí ogun. Ẹnì kan ríṣẹ́ sí Ìbàdàn. Ẹnì kan tẹ̀lé ọkọ. Ẹnì kan ní òun fẹ́ lọ wo Èkó fún oṣù díẹ̀. Àwọn àgbà ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Àríyọ̀ náà kú, wọ́n sin ín sí iwájú ilé bàbá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá náà. Ọpẹ́olúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí Àtọ́kẹ́ bí, lọ sílé ọkọ ní Ìlọrin, òun náà ń fún ọmọ ilé ẹlòmíràn lórúkọ lọ́hùn-ún. Akọ̀wé kọ́lé sí Ìbàdàn, ó sì fẹ̀yìn tì síbẹ̀. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ kọ́ ilé búlọ́ọ̀kù sí igun àgbàlá, ó kan páànù sí i, kò tíì rẹ́ ẹ tó fi kọjá lọ sí Gàbọ́ọ̀nù. Lọ́dọọdún ló ń sọ lórí fóònù pé òun ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti di ìkíni.

Ó wá ku Àtọ́kẹ́. Obìnrin ilé, kì í ṣe ọmọ ilé. Ó ń gbá iwájú gbogbo ilé láràárọ̀, tirẹ̀ àti ti wọn. Ó ń bó ẹ̀gúsí fún oníṣòwò kan. Bó bá bó o tán, á kó èèpo dànù, nítorí kò sí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́.

Òfin tuntun náà dé nígbà òjò, kò sì bá wọn lójijì. Ọ̀ṣúnyẹmí, alága ìgbìmọ̀ àdúgbò, ti ń sọ ọ́ tipẹ́. Ọkùnrin gíga kan ni, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí oorun ń kùn, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ohunkóhun rí. Ó pe gbogbo àdúgbò jọ, ó ní kí wọ́n wo ìlú yìí. Ilé tuntun ń gbé oko iṣu mì lọ́dọọdún ní ẹ̀yìn odi, ṣùgbọ́n àárín ìlú gan-an, ibi tí àwọn bàbá wọn kọ́lé sí, ti di àlàpà. Ejò ló wà níbẹ̀. Ààtàn ló wà níbẹ̀. Àwọn tí ìbẹ̀rù lé kúrò lóko ń sùn lé ara wọn lórí nínú yàrá kan ṣoṣo, nígbà tí ilé ńlá wà tí kò sí ẹni tó ń sùn sí i. Títí di ìsinsìnyí, ṣe ni ìlú ń dúró kí ilé wó ná, kí àwọn ẹbí tó wá máa bá ara wọn ṣẹjọ́ lórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó ní àwọn kò ní dúró mọ́. Ilé tí iná ti kú nínú rẹ̀ fún ọdún mẹ́ta, àdúgbò yóò tún un ṣe, yóò sì fi ẹni tó nílò rẹ̀ sí i fún iye ọdún tí wọ́n bá jọ fẹnu kò lé. Ilé kò kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Bí ọdún náà bá pé tó sì ti padà wálé, ilé rẹ̀ ló ń dúró dè é, tòun ti òrùlé.

"A kò gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni," ló wí. "A kàn ń bá yín dì í mú kó má wó."

Ẹnì kan bi í pé báwo ni wọn yóò ṣe mọ ilé tí iná ti kú nínú rẹ̀. Ó ní eérú kì í purọ́, àwọn yóò máa wá fọwọ́ bà á. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn ní ewúrẹ́ ló ń sùn nínú ààrò bàbá òun, ṣé wọn yóò ka ewúrẹ́ mọ́ èèyàn. Ọ̀ṣúnyẹmí ní bí ewúrẹ́ náà bá ń dáná, àwọn yóò kà á.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, Akọ̀wé ti gbọ́ ní Ìbàdàn. Ó pe Àtọ́kẹ́ lórí fóònù. Ó bi í léèrè àlàáfíà, ó bi í léèrè òjò, ó wá dé ibi tó ń lọ. Àlejò tó bá ti sùn nínú ilé kan kò ní jáde mọ́, ló wí. Ṣé orí ibojì bàbá òun ni àjèjì yóò wá máa sá aṣọ sí?

"Ìyàwó, ojú yín là ń wò níbẹ̀ o. Ẹ ṣáà máa dáná síbẹ̀."

Àtọ́kẹ́ béèrè pé oúnjẹ ta ni òun yóò máa sè.

"Oúnjẹ kọ́," ni Akọ̀wé dáhùn. "Iná ni mo wí."

Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ní tirẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ láti Gàbọ́ọ̀nù. Ohùn náà kò gùn. "Ìyàwó mi àtàtà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ ilé mi o. Mo ń bọ̀." Àtọ́kẹ́ gbọ́ ọ, ó tún un gbọ́. Kì í ṣe nítorí àṣẹ tó wà nínú rẹ̀. Nítorí ọ̀rọ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni.

Bẹ́ẹ̀ ni ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í rìn yí àgbàlá ká.

Ó kọ́kọ́ dà bí eré. Ó ń jẹun lẹ́nu ọ̀nà tó ti pẹ́ tó jókòó sí kẹ́yìn. Ó ń rántí ta ló sùn sí yàrá wo, ta ló máa ń hanrun. Ó kó àwọn aṣọ àtijọ́ jáde, dàńṣíkí Àríyọ̀, ìró àwọn ìyáálé tó ti kú, ó ń sá wọn sórí okùn níwájú ilé kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ á wọ inú dàńṣíkí, á yọ èjìká sí i. Bó bá rí i láti òkèèrè, á yára wojú ilẹ̀.

Ìgbà tí ìgbìmọ̀ dé, Ọ̀ṣúnyẹmí bẹ̀rẹ̀ nídìí ààrò Akọ̀wé, ó fọwọ́ kan eérú. Ó gbóná. Ó lọ sí ilé búlọ́ọ̀kù ní igun, ó fọwọ́ kàn án. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó wo aṣọ tó wà lórí okùn. Ó béèrè pé àwọn èèyàn inú ilé dà.

"Wọ́n lọ sóko," ni Àtọ́kẹ́ wí.

"Gbogbo wọn?"

"Gbogbo wọn."

Ọkùnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ṣòkòtò. Inú rẹ̀ dùn ní tòótọ́, èyí ló sì dun Àtọ́kẹ́ jù. Ó ní àwọn ọmọ Ọdẹ́jọbí ṣe dáadáa tí wọ́n ń padà wálé, pé bí gbogbo agboolé bá ṣe bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí àwọn fẹ́ fi òfin ṣe. Ìpàdé tó tẹ̀ lé e, ó fi wọ́n ṣàpẹẹrẹ.

Ìròyìn lọ káàkiri. Àwọn tó ń kọjá yí ìkíni wọn padà, wọ́n ń kí i pé ó kú àwọn ará ilé. Ọlọ́kadà kan bi í pé ìgbà wo ni òun yóò wá gbé àwọn àlejò Ìbàdàn lọ sọ́jà. Ti Mùyìbátù ló burú jù. Ẹgbẹ́ Àtọ́kẹ́ ni, òdìkejì títì ló ń gbé. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Àríyọ̀, láràárọ̀ ló máa ń sọdá pẹ̀lú pákò lẹ́nu, á yọjú wọ yàrá, á ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ó jí. Ó dẹ́kun wíwá. Ẹni tó ní èrò nílé, kí ni a tún ń yọjú wò lọ́dọ̀ rẹ̀? Bí wọ́n bá rí ara wọn lókèèrè, Mùyìbátù á pariwo láti òdìkejì, "Ìyá Ọpẹ́ ọlọ́pọ̀ èèyàn, ẹ ò ráyè tiwa mọ́." Àtọ́kẹ́ á rẹ́rìn-ín. Kò lè sọ òtítọ́ fún un. Ohun tí Mùyìbátù bá gbọ́ láàárọ̀, ọjà gbogbo ti gbọ́ ọ kí oòrùn tó kan àtàrí.

Obìnrin kan tún wá lọ́jọ́ kan, tó ń jẹ́ Waheedat. Òrí ló ń ṣe, abúlé kan lọ́nà ibodè ló sì ti wá, ibi tí wọn kò lè sùn dáadáa sí mọ́. Ó ń wá yàrá fún òun àti àwọn obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́. Àpáta ẹ̀yìn ilé ló rí tó fi yà, nítorí ó tẹ́jú, kóró emi tí wọ́n fi ń ṣe òrí á tètè gbẹ lórí rẹ̀. Àtọ́kẹ́ ní ilé ti kún. Waheedat wo àgbàlá. Ó wo ẹní kan ṣoṣo tó wà nílẹ̀ níwájú ilé, àti abọ́ kan ṣoṣo tó dojú dé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.  Ó kí i pé ó dàárọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà ọyẹ́ ni ibà dá Àtọ́kẹ́ dùbúlẹ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, iná ló ń rò. Ilé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kàn. Ó dìde, ilẹ̀ yí, ó padà sùn. Lọ́jọ́ kejì, omi tó wà nínú kólòbó lẹ́bàá ibùsùn rẹ̀ tán. Ìkòkò omi wà ní gbàgede. Ó jìnnà. Ó ń gbọ́ ohùn lójú títì, ó ń gbọ́ bí ayé ṣe ń lọ. Obìnrin méjì dúró lẹ́bàá ògiri. Ọ̀kan ní òun kò rí èéfín ní Ọdẹ́jọbí láti àná, ṣé kò sí o. Èkejì dáhùn pé wọn á ti lọ síbi ìnáwó kan ni.

Èkíní ní, "Ìyá àgbà yẹn ńkọ́?"

"Ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá wọn tọ́jú ìyá wọn ni? Èèyàn kún ibẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n lọ.

Àtọ́kẹ́ la ẹnu láti pè wọ́n. Ohùn tó jáde kò kọjá ẹní rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ó ń wo àjà. Ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kó àwọn tí kò sí wọlé. Àwọn yẹn ló sì lé àwọn tó wà jáde.

Waheedat ló rí i. Òun náà kò rí èéfín, ṣùgbọ́n èrò tirẹ̀ yàtọ̀: bóyá àwọn ará Ìbàdàn ti padà lọ, bóyá yàrá kan ti ṣófo. Ó wọ àgbàlá, ó ń ké àgò lẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ilé Akọ̀wé. Ilé búlọ́ọ̀kù. Ilé tí ó kù. Níbẹ̀ ló ti gbọ́ ohun kan tó dà bí ìmí.

Ó bu omi fún un. Ó lọ wá ògì, ó pò ó, ó fún un mu díẹ̀díẹ̀. Ó fi òrí pa á lára láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí ọwọ́ èèyàn ti kan Àtọ́kẹ́ lẹ́yìn. Ó yíjú sí ògiri kí Waheedat má baà rí ojú rẹ̀.

Nígbà tó yá, Waheedat bi í pé, "Màmá, àwọn èèyàn yín dà?"

"Wọn ò sí."

"Ìgbà wo ni wọ́n ń bọ̀?"

Àtọ́kẹ́ ronú sí i. Ìbéèrè tó rọrùn ni.

"Wọn ò sí," ló tún wí. "Kò sí ẹnì kankan."

Nírọ̀lẹ́, bí ìròyìn ṣe kan Mùyìbátù lára, ó sọdá títì wá, gèlè rẹ̀ wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó jókòó lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wò ó títí, inú ń bí i tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi lè kí i. "Ìyá Ọpẹ́, ẹ fi èéfín lé mi jáde bí ẹ̀fọn," ló wí níkẹyìn. Ó wá bú sẹ́kún. Àtọ́kẹ́ ló tún ní láti máa bẹ̀ ẹ́.

Bí ara ṣe yá díẹ̀, ó pe Akọ̀wé. Ó sọ fún un pé òun ṣàìsàn, pé ó kù díẹ̀ kí òun lọ. Akọ̀wé kí i kú ewu. Ó ṣàdúrà, àdúrà náà sì gùn, ó dára. 

"Iná ńkọ́?" ló bi í.

Àtọ́kẹ́ ní iná wà. Ó pa fóònù, ó gbé e kalẹ̀ sórí ẹní. Ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ohun tí àlejò gbàgbé sílẹ̀.

Kò tíì pinnu nígbà náà. Ọjọ́ mélòó kan ló fi jókòó láìdáná sí ilé kankan àfi tirẹ̀. Ti Akọ̀wé kò wúwo lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Ti Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni. Bí òun bá ṣí ilé yẹn, kò ní sí ẹnikẹ́ni láyé tí yóò tún máa pe òun ní ìyàwó òun àtàtà. Bí òun kò bá ṣí i, ohùn inú fóònù ni òun yóò máa bá gbé, títí ọyẹ́ mìíràn. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà síhìn-ín, ó gbé e sọ́hùn-ún. Waheedat ń wá láràárọ̀ láti wo bó ṣe jí. Kò bá a sọ̀rọ̀ yàrá mọ́. Ó gbá ilẹ̀, ó bu omi, ó lọ.

Ọjọ́ ìpàdé àdúgbò, Àtọ́kẹ́ wọ aṣọ tó dára, Mùyìbátù sì dì í mú lápá lọ síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ilé kọ̀ọ̀kan tí yóò bọ́ sọ́wọ́ àdúgbò, ẹnì kan láti agboolé náà ní láti dìde lójú gbogbo èèyàn, kí ó pe ẹni tó ni ilé lórúkọ, kí ó sì sọ pé kò sí níbẹ̀. Ọ̀ṣúnyẹmí ló fi èyí sí i. Ó ní àwọn ti rí ẹni tó sẹ́ ilé lónìí tó padà wá jà lé e lọ́la, kí etí púpọ̀ máa gbọ́ ọ ló dára.

Nígbà tí Àtọ́kẹ́ dìde, alága rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó rò pé ó wá kí àwọn ni.

"Ọdẹ́jọbí kẹ̀, Ìyá? Ibẹ̀ kún."

"Kò kún," ni Àtọ́kẹ́ wí. "Èmi ni mò ń dáná síbẹ̀. Èmi nìkan."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó rí i pé òun nìkan ló ń rín, ó dákẹ́. Ọ̀ṣúnyẹmí wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó fi kan eérú lọ́jọ́ náà. Kò bínú. Ó ní ó dára, kí wọ́n tẹ̀ síwájú. Ta ló ni ilé àkọ́kọ́?

"Akọ̀wé."

"Akọ̀wé wo, Ìyá? Èmi náà, akọ̀wé ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, Àtọ́kẹ́ kò lè bá wọn rín in. Ó dúró. Orúkọ náà wà lẹ́nu rẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tó ti wọlé, ó sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu gbogbo èèyàn. Òun ni kò pè é rí. Bàbá arúgbó kan tó mọ agboolé náà rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ó dìde, ó ní òun lè bá a pe orúkọ náà, ìyàwó ilé ni, ẹ má jẹ́ kó ṣe èèwọ̀. Alága wo Àtọ́kẹ́ bóyá ó gbà.

Ó fẹ́ gbà. Ìbá rọrùn. Yóò lè sọ fún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ pé kì í ṣe òun, pé àwọn kan ló pe orúkọ rẹ̀. Yóò tún máa purọ́, àfi pé kò ní sí èéfín nínú ti ìyẹn. Ó mi orí pé rárá.

"Mákánjúọlá," ló wí. "Kò sí níbẹ̀."

Ó jáde bí orúkọ ẹni tí a kò mọ̀ rí. Obìnrin kan fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀ṣúnyẹmí béèrè ìkejì, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Èyí pẹ́. Ẹ̀yìn Àtọ́kẹ́ ń gbóná níbi tí ọmọ máa ń sùn sí.

"Dayọ̀."

Wọ́n ń dúró dè é kó parí rẹ̀.

"Dayọ̀ kò sí níbẹ̀. Ó ti lọ tipẹ́."

Ó jókòó. Mùyìbátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìpàdé kọjá sí agboolé tó kàn.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti rẹ́ ilé búlọ́ọ̀kù, wọ́n ti fi fèrèsé sí i. Waheedat àti àwọn obìnrin rẹ̀ kó wọlé. Ti Akọ̀wé ń dúró de páànù, wọ́n ní olùkọ́ kan àti ìdílé rẹ̀ ló ń bọ̀ níbẹ̀. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ pè lẹ́ẹ̀kan. Kò pariwo. "Àtọ́kẹ́," ló pè é, orúkọ tí ọkọ rẹ̀ fi ń kẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n kò sí ìkẹ́ nínú rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, òun dúpẹ́. Láti ìgbà náà, àwọn ọmọ rẹ̀ kò pè é láti kí i kú ọdún mọ́.

Àgbàlá wá ń pariwo. Wọ́n ń gún kóró emi, wọ́n ń yan án, wọ́n ń lù ú nínú agbada títí yóò fi funfun. Òórùn rẹ̀ wọ inú ògiri. Wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún Àtọ́kẹ́, Màmá ni wọ́n ń pè é, wọn kò sì sá aṣọ sítòsí ibojì. Bó bá jí, á rí i pé wọ́n ti gbá gbogbo ilẹ̀, títí dé iwájú ilé rẹ̀. Á dúró pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́, á tún gbé e padà. Nírọ̀lẹ́, á gbé àpótí rẹ̀ lọ bá wọn. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ àwọn èèyàn abúlé wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn. Bó bá bi wọ́n pé ta nìyẹn, wọ́n á fara balẹ̀ ṣàlàyé fún un, ẹni báyìí, ọmọ báyìí. Nígbà tí àlàyé bá fi parí, ẹ̀rín ti lọ. Kò bi wọ́n mọ́. Ó ń bá wọn rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n bá ń rín.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń ṣú ni fóònù dún. Gàbọ́ọ̀nù.

"Ìyá Ọpẹ́," ni ohùn náà wí. Ohun tí gbogbo àdúgbò ń pè é.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ọkọ mi."

Ó ń gbọ́ ìmí rẹ̀. Nínú ilé búlọ́ọ̀kù, obìnrin kan kígbe pe èkejì, ó ní kó mú igbá wá.

"Ta nìyẹn nínú ilé mi?"

"Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ni."

"Mo ní mo ń bọ̀. Ṣé mi ò sọ fún yín pé mo ń bọ̀ ni?"

"Ẹ sọ fún mi. Mo sì ń gbọ́ ọ." Ó fi ọwọ́ bo etí kejì kí ariwo má baà bo ohùn náà mọ́ ọn létí. "Yàrá kan wà nílé tèmi, mo ti tẹ́ ẹ. Ọjọ́ tí ẹ bá dé, ibẹ̀ lẹ óò sùn. Ọkọ mi, ẹ ń gbọ́ mi?"

Kò sí ìdáhùn. Ó gbé fóònù kúrò létí, ó wò ó. Ojú fóònù ti ṣókùnkùn. Ó lè jẹ́ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ, nítorí òjò. Ó lè jẹ́ pé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló pa á. Kò sí bí yóò ṣe mọ̀.

Atẹ́gùn dé lójijì. Àwọn obìnrin sáré gun orí àpáta lọ, wọ́n ń pariwo pé kóró ń lọ o, pé kí ẹnì kan wá bá àwọn di igun kejì tapólì tí wọ́n fẹ́ fi bò ó mú. Àtọ́kẹ́ so fóònù mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì gòkè lọ bá wọn. Ó di igun náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Tapólì wú, ó ń fà á, ó dúró tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ bọ́ sí i lọ́rùn.

Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó bi í pé ta ló pè.